Pẹ̀lẹ́ Kì í Ṣe Fáòlù

Nínú ilé tèmi, ẹni tó bá ṣubú gbọ́dọ̀ gbọ́ pẹ̀lẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó kanlẹ̀. Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi ní Adó-Èkìtì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe tọ́ Tèmilọlá ọmọ mi ní àdúgbò Bertrams níbí nílẹ̀ àjèjì, nínú ilé àtijọ́ tí a rẹ́ǹtì, tí pákó ilẹ̀ rẹ̀ ti kọ gbogbo wa lẹ́sẹ̀ rí. Ẹni tó bá sín, a ó kí i. Ẹni tó bá ń wúkọ́, a ó kí i. Bí ife bá bọ́ lọ́wọ́ àlejò, àlejò la ó kọ́kọ́ kí kí a tó bojú wo ife. Ṣé àwa la fọ́ ife ni? Rárá o. Pẹ̀lẹ́ kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tí nǹkan dùn ló máa ń wá lọ.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé mo le jù lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé. Mo gbà. Èmi Ìbíjọkẹ́, apoògùn ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Joubert Park, àwọn tó ń wá ra oògùn níbẹ̀ sì mọ̀ pé bí wọn kò bá kọ́kọ́ kí mi, etí mi kì í gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà gbọ́ pé ẹ̀kọ́ ilé yìí kan náà ló fẹ́ gba ìdíje Durban mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Tèmi, bí a ṣe ń pe ọmọ náà nílé, wà ní ọdún kejì ní yunifásítì ní Doornfontein nígbà náà, ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ bíi bàbá rẹ̀. Kò ga. Èmi ni mo bí i, èmi náà ò ga, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Síbẹ̀, básíkẹ́tì ni ọmọ yìí yàn láàyò, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú apẹ̀rẹ̀ tó ga ju òrùlé ilé wa lọ lójú mi. Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú tíìmù ni pé kó lẹ̀ mọ́ ẹni tó bá ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ lápá kejì, kó má jẹ́ kó rímú mí. Ó mọ iṣẹ́ náà. Àní, bó bá fẹ́ kí n fún òun láàyè lọ síbi àríyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ èmi náà títí n ó fi gbà.

Láyé ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ń ṣọ́ ẹlòmíràn lè gbé ọwọ́ lé e ní ìbàdí díẹ̀, kó fi mọ ibi tó ń lọ, rẹfirí á sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, àwọn tó ń darí líìgì àwọn yunifásítì tiwa gbé òfin tuntun jáde. Bí ọwọ́ bá ti kan ẹni tó ní bọ́ọ̀lù, fáòlù ni, kò sí ẹjọ́. Wọ́n ní eré ni àwọn ènìyàn wá wò, wọn ò wá wo ìjàkadì. Ẹni tó bá sì gba fáòlù márùn-ún, bẹ́ǹṣì ni yóò jókòó sí títí eré á fi parí.

Òfin náà dára, èmi ò bá a jà. Magdalene tó jẹ́ kóòṣì wọn, ọmọ Bertrams gidi, tí ilé ìyá rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, sọ fún mi pé ó ti yí gbogbo nǹkan padà. Àwọn sìgbọnlẹ̀ ọmọbìnrin tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ti di ará orí bẹ́ǹṣì, àwọn kúkúrú tí ẹsẹ̀ wọn yá nilẹ̀ ló ń jayé báyìí. Ó yẹ kó jẹ́ pé ìgbà Tèmi ló dé yìí.

Kàkà bẹ́ẹ̀, ọmọ mi kì í rí ìparí eré. Ó gba fáòlù márùn-ún nínú eré àkọ́kọ́, wọ́n lé e jáde. Nínú ìkejì, wọ́n tún lé e jáde. Ó dé ilé, ó fi báàgì rẹ̀ lulẹ̀ nínú kíṣìnì, ó ní, “Mummy, I don't even touch them!”

Mo ní, “Tèmi, fèrè kì í ṣàdédé dún.”

“Mummy, I swear.”

“Má búra nínú ilé mi.”

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Mo mọ ọmọ tí mo bí, kì í parọ́. Nígbà tó di eré kẹta, mo ní kí Tawakalit tó ń bá mi tajà dúró ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ taxi, mo sọ̀ níbi robot, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, tó wà nítòsí ọgbà wọn, mo lọ fi ojú ara mi wò ó.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ búlúù gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, ó fẹ́ yí lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kọ ìkejì, ó sì lọ gbalẹ̀. Tèmi ò fọwọ́ kàn án. Àlàfo tó wà láàárín wọn, ènìyàn lè gbé àga sí i kó jókòó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ṣe ń lọ sílẹ̀ ni Tèmi ti na ọwọ́ méjèèjì sí i, tó ń ké pé, “Sorry! Sorry, sorry!”

Orí mi wú. Mo yíjú sí ọmọkùnrin tó jókòó tì mí, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé, “Ọmọ mi nìyẹn. Ṣé o rí ọmọ tí wọ́n tọ́ tó gba ẹ̀kọ́?” N kò tíì pa ẹnu dé tí fèrè fi dún. Rẹfirí na ìkúùkù sókè, ó tọ́ka sí Tèmi. Fáòlù.

Mo dìde. Mo sọ ohun kan sí rẹfirí yẹn ní ẹnu Èkìtì tí mi ò ní tún sọ níbí.

Ọ̀gbẹ́ni Zwane ni wọ́n ń pè é, àgbàlagbà gíga kan tó nírùngbọ̀n funfun. Wọ́n ní ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, tí Tèmi tún ké “sorry” lórí ẹni tó ṣubú, tí fèrè tún dún, mo rọra jókòó, mo wo ojú ọkùnrin náà dáadáa. Kì í ṣe ìkà. Kò rí i ni. Àwọn ọmọ wọ̀nyí yára, wọ́n ń dí ara wọn lójú rẹ̀, òfin tuntun sì ti kì í nílọ̀ pé kó má jẹ́ kí ọwọ́ kankan lọ láìjìyà. Ibi tí ojú rẹ̀ kò bá tó, etí ló ń fi tì í lẹ́yìn. Ẹnì kan wà nílẹ̀, ẹnì kan ń ké “sorry” lé e lórí. Kí ni ẹ fẹ́ kó rò? Lójú tirẹ̀, ọ̀daràn ti jẹ́wọ́ kí adájọ́ tó béèrè ọ̀rọ̀.

Ohùn tí mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ mi, ohùn mi ni. Pẹ̀lẹ́ tí mo fi tọ́ ọ ló wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì, tó wá ń kó o sí wàhálà. Kí ìpín kẹta nínú ìpín mẹ́rin eré tó parí, wọ́n ti tún lé e jáde.

Lẹ́yìn eré, mo bá Magdalene níbi tó ti ń kó bọ́ọ̀lù sínú àpò, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú.

“Eish, Mama! Èmi rò pé ó ń tọrọ àforíjì ni! Gbogbo ìgbà tó bá ti ní sorry, èmi náà á wí lọ́kàn mi pé, ó tún ti gbá ọmọ ọlọ́mọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún rẹfirí.”

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Mama, kò sí kóòṣì tí kì í ní àlàyé. Bí mo bá lọ sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Zwane pé sorry ọmọ mi kì í ṣe sorry, á fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí ọdún á fi parí. Ẹ kọ́ ọ kó pa ẹnu mọ́, kó sì kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Sátidé tó ń bọ̀ ni eré tó kù. Bó bá tún gba fáòlù márùn-ún, ẹlòmíràn ni màá mú lọ Durban dípò rẹ̀. Mo fẹ́ràn Tèmi, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í lè parí eré, kí ni màá fi ṣe níbẹ̀?”

Durban ni gbogbo yunifásítì orílẹ̀-èdè yìí yóò ti pàdé. Láti ìgbà tí Tèmi ti wà ní girama ló ti ń wo ìdíje yẹn lórí fóònù, tó ń dárúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ bí ẹni ń ka orúkọ ìyekan rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹun. Ó ní, “I was just being nice, Mummy.” Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, torí èmi ni mo kọ́ ọ kó ṣe dáadáa sí ènìyàn.

Báyìí ni èmi náà ṣe di kóòṣì. Láti ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ́ tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ ọmọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo jẹ́ kí síbí bọ́ lọ́wọ́ mi, mo ní “Yéè!” Tèmi la ẹnu, ó ní, “Pẹ̀—” Mo ní, “Fáòlù!” Mo ṣe bí ẹni tó wúkọ́. “Pẹ̀—” “Fáòlù!” Mo forí gbá ilẹ̀kùn fírídììjì, ìyẹn gan-an dùn mí, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ní, “Mummy, pẹ̀lẹ́ o! Ah! Sorry, that one was real.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Ọjọ́rú, mo ju ìdérí ìkòkò sílẹ̀ gbàláńgàlá lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó pa ẹnu mọ́ pinpin, ó ń wò mí. Mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Àkókò yẹn ni Ọlálérè ọkọ mi ń bọ̀ láti yàrá. Olùkọ́ ni ní yunifásítì mìíràn, ọ̀rọ̀ afárá àti kọnkéré ló máa ń wà lórí rẹ̀, kò fojú sílẹ̀. Pákó kan tó yọrí láti ọjọ́ tí a ti dé ilé yẹn ló fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá.

“Yéè! Ìka ẹsẹ̀ mi o!”

Ó di ẹsẹ̀ mú, ó ń fò lórí ìkejì. Tèmi wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Kò kí bàbá rẹ̀. Èmi náà gé ahọ́n mi jẹ, torí olùkọ́ kò gbọdọ̀ ba ẹ̀kọ́ jẹ́ lójú akẹ́kọ̀ọ́.

Ọlálérè dúró, ó wo èmi, ó wo ọmọ. “Ṣé ẹ ò rí mi ni?”

Mo ní, “Daddy Tèmi, ẹ jọ̀ọ́, a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́.”

“Ẹ̀kọ́ wo? Èékánná mi fẹ́ẹ̀ ṣí!”

“Ẹ̀kọ́ fáòlù ni.”

Ó tiro padà sínú yàrá, ó sì kọjú sí ògiri sùn. Inú mi bàjẹ́. Mo jókòó sí kíṣìnì fún ìgbà pípẹ́, mo ń ro ó pé, ilé wo la sọ ilé yìí dà, tí olórí ilé farapa, tí kò sẹ́ni tó kí i, nítorí bọ́ọ̀lù? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí ojú ọmọ mi lórí oúnjẹ tí kò jẹ, mo tún mọ́kàn le.

Sátidé dé. Àwa méjèèjì lọ, Ọlálérè fi báńdéèjì wé ìka ẹsẹ̀, ó wọ sálúbàtà. Ó ṣì ń bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè jókòó sílé nígbà tí ọmọ òun ń wá ọ̀nà Durban. Ọ̀gbẹ́ni Zwane kan náà ló mú fèrè lọ́wọ́.

Tèmi ṣe ohun tí a kọ́ ọ. Ẹni tó ṣubú lápá ọ̀tún rẹ̀, kò wò ó. Ẹni tó ṣubú lápá òsì, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ tì pa. Ẹ máa wò ó, ọmọ tí mo bí ti wá dà bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀dà kun ojú rẹ̀. Òun náà ò gbádùn eré mọ́, ẹ̀rù ń bà á, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà kì í yára. Àwọn aláṣọ yẹ́lò tí wọ́n ń bá ṣeré ń kọjá lára rẹ̀, ó sì ń nawọ́ mú wọn nígbà tí wọ́n bá ti kọjá tán. Kí àbọ̀ eré tó dé, ó ti gba fáòlù mẹ́ta, òtítọ́ ni gbogbo wọn.

Nígbà ìsinmi, Ọlálérè ní òungbẹ ń gbẹ òun. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti lọ ra omi. Títí di òní olónìí, Ọlálérè ń sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bàtà onígìgísẹ̀ ni mo wọ̀, mo fẹ́ kí àwọn òbí ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé ìyá agbábọ́ọ̀lù ni mí. Mo tẹ àtẹ̀gùn kan nù, mo sì jókòó lé ìkejì gbì.

Ọ̀gbẹ́ni Zwane wà nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́nu ọ̀nà, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí mi ló ké, “Sorry, Mama! Sorry, sorry!” Ó sáré wá, tíì ń dà sí i lọ́wọ́.

Ìdí mi ń ta mí, ṣùgbọ́n ọpọlọ mi jí pépé. Mi ò tíì dìde tí mo fi bi í léèrè ní Gẹ̀ẹ́sì pé, “Ṣé ẹ̀yin lẹ tì mí ni?”

Ó dúró sójú kan. “Èmi? Mama, mo wà lọ́hùn-ún! Ọwọ́ mi ò kàn yín.”

“Kí ló dé tí ẹ fi ń bẹ̀ mí?”

“Mi ò bẹ̀ yín. Mo kàn rí i pé ẹ ṣubú, mo ní…” Ó wo ife ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Ní èdè Zulu tiwa, bí mo bá ṣẹ̀ yín, uxolo ni màá sọ. Bí mo bá kàn ń bá yín kẹ́dùn, phephisa ni. Gẹ̀ẹ́sì ni kò ya méjèèjì sọ́tọ̀.”

“Èdè tiwa náà yà á. Ẹni tó bá ṣẹ̀ á ní, ẹ má bínú. Ẹni tó bá ń báni kẹ́dùn á ní, pẹ̀lẹ́.” Mo na ọwọ́ sí i, ó fà mí dìde. “Ọmọ tó wọ nọ́ńbà méje yẹn, ọmọ mi ni. Láti ìgbà tí líìgì yìí ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́ ló ń sọ.”

Ọ̀gbẹ́ni Zwane nu tíì tó dà sí i lọ́wọ́. Ó ní, “Mama, òfin kò gba rẹfirí láyè láti bá òbí sọ̀rọ̀ eré.” Ó gbé ife tíì rẹ̀, ó lọ.

Mo padà sókè láìra omi. Ọlálérè wo ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì mi tó ti bu eruku, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo mọ̀ pé ó ń gbẹ̀san ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ sáré lọ sọ fún Tèmi pé kó tú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mi wọ ọkùnrin yẹn létí, wọ́n sì ti wọ pápá padà.

Nínú àbọ̀ kejì, Tèmi gba fáòlù kẹrin. Ọwọ́ rẹ̀ lé ìbàdí ọmọ ọlọ́mọ rekete. Mo fẹ́ràn ọmọ mi ṣùgbọ́n mi ò fọ́jú. Magdalene kò yọ ọ́ kúrò, torí kò sí ẹlòmíràn tó lè mú kápútéènì àwọn aláṣọ yẹ́lò dúró. Ọmọ gíga kan báyìí ni, ó ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń jó.

Ó ku díẹ̀ kí eré parí, ayò kan ṣoṣo ni tíìmù Tèmi fi ń ṣíwájú wọn. Gbogbo wa ti dìde dúró. Kápútéènì yẹn gbé bọ́ọ̀lù, ó ń bọ̀ ní tààrà. Tèmi dúró sí iwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ọmọ gíga náà ní kí òun yà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òógùn ti rin ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́, ó ṣubú lulẹ̀ tó fi jẹ́ pé a gbọ́ ọ lókè níbi tí a wà. Bọ́ọ̀lù fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí jáde kúrò ní pápá.

Fèrè dún.

Ọ̀gbẹ́ni Zwane wà lẹ́yìn, ọmọ méjì ló dí i lójú, kò lè rí i. Ó ti na ọwọ́ sókè. Nínú eré yìí, bí ọwọ́ rẹfirí bá di ìkúùkù lókè, fáòlù ni. Bó bá la àtẹ́lẹwọ́, ó kàn dá eré dúró ni. Ọwọ́ tó nà yẹn kò tíì di, kò tíì là. Ó ń wo Tèmi. Gbogbo ilé ń wo Tèmi.

Kápútéènì náà di ẹsẹ̀ mú, ó ń sunkún. Tèmi dúró tì í, ó ti kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ti pa ẹnu mọ́ pinpin bí mo ṣe kọ́ ọ. Kò wo rẹfirí. Òkè lọ́dọ̀ wa ló ń wò, ó ń wá ojú mi. Mo rí i tí omi kún ojú tirẹ̀ náà. Ọmọ kan ń jẹ̀rora lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó tó lè ṣàánú.

Kí ni Durban? Ìlú etí òkun ni. Òkun kì í lọ ibì kankan.

Mo ké, “Tèmi! Kí i!”

Ọlálérè náà dìde lórí ẹsẹ̀ kan, ó ké jù mí lọ, “Kí i jàre!”

Ọmọ mi dà bí ẹni tí wọ́n tú okùn lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ gbì. “Pẹ̀lẹ́! Pẹ̀lẹ́, sorry, pẹ̀lẹ́! Where does it hurt? Sorry, my sister, pẹ̀lẹ́!” Gbogbo pẹ̀lẹ́ tó ti ń dì sínú láti ọ̀sẹ̀ náà ló tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé orí ọmọ náà lé itan. Lórí bẹ́ǹṣì, Magdalene fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Ọ̀gbẹ́ni Zwane tún dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìka ọwọ́ rẹ̀ là lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi ṣí gbayawu lókè. Kò sí fáòlù. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá àwọn ọmọ méjèèjì, ó ní, “Phephisa, sisi.” Kápútéènì náà nu ojú, ó tọ́ka sí ilẹ̀ tó rin, ó ní, “It was the floor, ref.”

Mo pariwo. Mi ò mọ ohun tí mo ń wí. Ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ni mo dì mọ́ra.

Tèmi àti Magdalene ló gbé kápútéènì yẹn jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá, ó kàn wú ni. Bọ́ọ̀lù di ti tíìmù wa, wọ́n ń jù ú sí ara wọn, Tèmi ń sáré bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lára yá, títí aago fi dún gbooro. Ayò kan yẹn ni wọ́n fi borí. Magdalene dì í mọ́ra, ó ní, “Durban, my girl. Shap?” ìyẹn ni pé, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Tèmi ní, “Shap, Coach!” ó sì fò mọ́ ọn lọ́rùn.

Bí a ṣe ń jáde, Ọ̀gbẹ́ni Zwane kọjá lára wa, ó ti wọ kóòtù rẹ̀. Ó dúró. Ó wo ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì mi, ó wo bàtà mi, ó sì ní, “Mama, pele.” Ohùn rẹ̀ wọ́ gan-an, kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbà á bẹ́ẹ̀. Èmi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ní, “Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Phephisa fún tíì yín náà.”

Nínú mọ́tò, Tèmi ò dákẹ́. Durban báyìí, Durban báyẹn, bí òun yóò ṣe máa ṣọ́ ènìyàn láìfọwọ́ kàn án, bí òfin tuntun yìí ṣe máa sọ àwọn kúkúrú di ọba. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ lọ. A dé ibi robot tó wà ní ìwọlé Bertrams, iná rẹ̀ pọ́n. Ọlálérè dá ọkọ̀ dúró, ó fi ọwọ́ lé sítíàríǹ, ó yíjú sẹ́yìn wo ọmọ, ó yíjú wo èmi.

Ó ní, “Ẹ wò ó, ẹ ti kí ọmọ yẹn. Rẹfirí ti kí ìyá ẹ. Ìka ẹsẹ̀ mi ti ọjọ́ Ọjọ́rú ńkọ́?”

Tèmi pariwo, “Daddy! Pẹ̀lẹ́ o!” Èmi náà ní, “Olówó orí mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrora, ẹ má bínú.” Ó ní kí a tún un wí, òun ò gbọ́ dáadáa. A kí i, a tún un kí, títí robot fi fún wa lọ́nà.